Ọjọ́ tí Ìyá Mi Gun Alùpùpù Aláìníbíréèkì ní Dansoman

Bàbá mi ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù ní Kaneshie, lẹ́yìn ọjà, níbi tí àwọn trotro, bọ́ọ̀sì akérò, ti ń yí orí padà. Nínú gbogbo ohun tó ń tà, bíréèkì ló fẹ́ràn jù. Bí oníbàárà bá wá ra gílóòbù iná lásán, ohun tí bàbá mi yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, "Bíréèkì rẹ ńkọ́?" Bí ẹni náà bá ní ó wà dáadáa, bàbá mi yóò jáde síta, yóò lóṣòó ti alùpùpù náà, yóò fọwọ́ kàn án níbí, yóò fọwọ́ kàn án lọ́hùn-ún, yóò wá mi orí bíi dókítà tí kò mọ bí yóò ṣe sọ ohun tó rí fún ẹbí aláìsàn. Ẹni tó wá ra gílóòbù yóò ra bíréèkì lọ. Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tí mo parí ẹ̀kọ́ girama fi ya gbogbo wa lẹ́nu.

Díìṣì ló fà á. Bàbá mi ra díìṣì sí orí páànù ṣọ́ọ̀bù, kí àwọn oníbàárà lè máa rí bọ́ọ̀lù wò bí wọ́n bá ń dúró de fítà. Fítà ni gbogbo Accra ń pe ẹni tó ń tún ọkọ̀ tàbí alùpùpù ṣe. Èyí tí mo ń sọ yìí, ọmọ Gáà, àwọn onílẹ̀ Accra, ni, ìsọ̀ rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, òun àti bàbá mi sì ti jọ wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n ń jẹun pọ̀, wọ́n ń yá ara wọn ní sípánà, wọ́n sì ń jiyàn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ lórí Ghana àti Nàìjíríà: òjò ìlú ta ló ń rọ̀ jù, ẹ̀fọn ìlú ta ni ẹnu rẹ̀ mú jù. Fítà a máa pe bàbá mi ní Anago, orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá ní Ghana. Bàbá mi náà a máa fèsì pé ó sàn kí èèyàn jẹ́ Anago ju kó máa jẹ kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ ará Ghana, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Èdè Gáà ni wọ́n fi ń ṣe é. Bàbá mi gbọ́ Gáà débi pé ó lè fi bú èèyàn kó má ṣe àṣìṣe kankan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n ti kírun Àìlà tán, kò sí bọ́ọ̀lù lórí ìkànnì kankan. Mo ń dúró de èsì ìdánwò mi nígbà náà, torí náà èmi ni mo ń bá bàbá mi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ń tẹ rìmóòtù lọ. Ó kọjá ìròyìn, ó kọjá ibi tí obìnrin òyìnbó kan ti ń po ìyẹ̀fun, ó kan àwọn alùpùpù, ó sì dúró.

Ìdíje àgbáyé ni, orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Poland wà níbẹ̀, Denmark wà níbẹ̀, Sweden àti Britain náà wà níbẹ̀. Ẹni mẹ́rin ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan, ìlú kọ̀ọ̀kan mú ẹnì kan wá, àwọ̀ akoto orí wọn sì yàtọ̀ síra. Okùn kan fò sókè níwájú wọn, ni wọ́n bá tú yáyá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n máa yí pápá ká, ọwọ́ òsì nìkan ni wọ́n ń yà sí, erùpẹ̀ ilẹ̀ náà sì ń tú bo àwọn tó wà lẹ́yìn lójú. Bí wọ́n bá dé kọ́nà, wọn kì í dẹwọ́ iná. Wọ́n á jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn máa yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á na ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀ bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ wá sálúbàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, alùpùpù á sì máa fi ìhà rìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé gba pọ́ìntì mẹ́ta, ẹnì kejì gba méjì, ẹnì kẹta gba ẹyọ kan. Ẹni ìkẹyìn gba erùpẹ̀.

Fítà wọlé wá, ó ń fi àkísà nu ọwọ́.

"Èdè wo ni wọ́n ń sọ yìí?" bàbá mi bi í.

"Jámánì ni," Fítà dáhùn. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Hamburg rí, ó kéré tán, ohun tó ń sọ fún wa nìyẹn.

"Kí ni ọkùnrin yẹn ń wí?"

Fítà tẹ́tí sílẹ̀ gidigidi. "Ó ní ẹni tó wà níwájú ló ń ṣáájú àwọn yòókù."

Bàbá mi dìde, ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. "Fítà, wo ọwọ́ alùpùpù yẹn. Bíréèkì dà?"

Fítà náà sún mọ́ ọn. "Kò sí."

"Ti ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Chale, kò sí."

Bàbá mi padà jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Subuhánalláhì," ó ní. Mo rò pé yóò yí ìkànnì náà ni. Kò yí i. Ó wò ó títí ó fi parí, oníbàárà méjì sì wá lọ láìjẹ́ pé ó bi ẹnikẹ́ni léèrè bíréèkì.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti bàjẹ́. Bàbá mi ń ṣe Denmark. Kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀, ó kàn ní orúkọ náà dùn ún pè ni. Bí a bá jókòó oúnjẹ nílé, yóò to ife mẹ́rin sílẹ̀, yóò máa sún wọn yí àwo ọbẹ̀ ká, ọwọ́ òsì ni ṣáá, yóò máa ṣàlàyé fún ìyá mi bí ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ inú ṣe lè gba ọ̀nà mọ́ ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìta lọ́wọ́. Ìyá mi, tó ti ta ọṣẹ àti àwọn nǹkan ìlò inú ilé ní Lapaz láti àárọ̀, yóò ní, "Ó dáa, Alhaji. Ẹ jẹ́ kí Britain kọjá kí n lè bu omi mu."

Nígbà tí wọ́n gbé àṣekágbá ìdíje náà sórí tẹlifíṣọ̀n, ìsọ̀ wa kún fọ́fọ́. Àwọn ìbejì kan tí wọ́n jẹ́ ará Togo, tí wọ́n ń ta táyà ní òdìkejì ọ̀nà, pa ìsọ̀ wọn tì wọ́n wá. Àwọn ọmọkùnrin méjì láti Niger, tí wọ́n ń fi alùpùpù kó àlùbọ́sà, náà wá. Bàbá àgbà kan láti Mali, tó ń ta tíì lẹ́bàá ọ̀nà, gbé kẹ́tùrù rẹ̀ wá sẹ́nu ilẹ̀kùn wa kó má bàa pàdánù ọjà àti ìran pọ̀. Denmark kò rí ife náà gbà. Bí bàbá mi ṣe ń banú jẹ́ ni Fítà ní:

"Ká ní Ghana wà níbẹ̀ ni, wọn ì bá ti lọ sílé láti àárọ̀."

"Ghana wo?" Bàbá mi gbàgbé Denmark lójú ẹsẹ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ ò lè gba Kaneshie dé Lapaz kí ẹ má dúró jẹun lẹ́ẹ̀mejì? Nàìjíríà ló ni alùpùpù ní gbogbo Áfíríkà. Ta ló kọ́ yín ní ọ̀kadà? Kódà orúkọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ wa lẹ ti jí i!"

Àwọn ìbejì ní ará Lomé ti ń fi alùpùpù kó èrò kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń gùn ún. Àwọn ará Niger ní àwọn ò ní sọ nǹkan kan, àwọn kàn mọ ohun tí àwọn mọ̀. Ariwo náà pọ̀ débi pé àwọn méètì, àwọn tó ń gbowó nínú trotro, ń yọjú wò wá. Bàbá onítíì bu tíì sí ife kan láti òkè réré, kò ta sílẹ̀, ó ní, "Ẹ gbẹ́nu dákẹ́, ẹ lọ gùn ún ká rí i."

Bí ìdíje àgbáyé tiwa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin, ẹni méjì méjì, ìpele mẹ́rin, kí oníkálukú gùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Mali kò ní ẹni tó máa gùn, torí náà wọ́n fi bàbá onítíì ṣe rẹfirí. Oníbàárà bàbá mi kan jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ní Dansoman, ó gbà kí a lo pápá wọn lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Eré ìdárayá ni bàbá mi sọ fún un pé a fẹ́ ṣe. Ìyá mi ló fi páálí ọṣẹ kan sílẹ̀ bí ẹ̀bùn fún ẹni tó bá borí. Ó ní ọṣẹ ló máa wúlò jù fún wọn bí wọ́n bá ṣe tán.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje náà, ìyá mi dé láti Lapaz, ó bá bàbá mi lórí ìkúnlẹ̀ ti alùpùpù kan ní àgbàlá.

"Alhaji, kí lẹ ń ṣe?"

"Mo ń yọ bíréèkì."

"Ẹ ń yọ kí ni?"

"Bíréèkì. Òfin ìdíje ni."

Ìyá mi gbé ẹrù orí rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. "Gbogbo ọdún tí mo ti fẹ́ yín, ẹ̀yin lẹ ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹni tí kò bá ní bíréèkì, ara rẹ̀ ni kò fẹ́."

"Ti ojú títì nìyẹn. Èyí, pápá ni."

"Ta ló sì máa gùn ún?"

"Èmi ni. Èmi àti ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń ta fóònù ní ẹ̀bá ọ̀dọ̀ rẹ ní Lapaz."

Ìyá mi wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Bàbá mi tóbi díẹ̀. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n gùn?"

"Ta ló ń tà á?" bàbá mi bi í, inú bí i. Ìyá mi kàn wọlé lọ, ó ń rẹ́rìn-ín sínú, mi ò sì mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, a ti rò pé àwa nìkan la máa wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Dansoman kì í ṣe ibi tí èèyàn ti lè pariwo alùpùpù mẹ́rin kó má rí èrò. Àwọn ọmọ ìjọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde láti ìsìn, wọ́n wọ aṣọ funfun láti òkè délẹ̀, wọ́n sì wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá gan-an. Obìnrin oníkẹ́ńkẹ́ gbé tábìlì rẹ̀ wá. Bàbá onítíì so fèrè mọ́rùn. Èmi ni wọ́n ní kí n máa ju gèlè sókè kí wọ́n tó gbéra, èmi náà ni mo sì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ pọ́ìntì sára pátákó kan tí a bá níbẹ̀.

Bàbá mi wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ tó rà nínú òkìrìkà, èyí tí kò ṣe é dè níwájú mọ́. Ó fi ọ̀dà kun akoto méjì ní àwọ̀ ewé fún Nàìjíríà. Àwọn òyìnbó inú tẹlifíṣọ̀n máa ń wọ bàtà irin sí ẹsẹ̀ òsì kí ó lè máa yọ̀ nílẹ̀, bàbá mi náà sì ti ní kí Fítà bá òun fi agolo mílíìkì ṣe irú rẹ̀. Fítà ṣe é fún un. Ọ̀tá ni wọ́n lọ́jọ́ náà o, síbẹ̀ ó ṣe é, ó tún bá a so ó mọ́ ẹsẹ̀.

Àwọn méjèèjì ló wà nínú ìpele kìíní, Fítà fún Ghana, bàbá mi fún Nàìjíríà, ìbejì kan fún Togo, ará Niger kan. Mo ju gèlè sókè. Bàbá mi ló kọ́kọ́ gbéra. Títí di òní, kò sí ẹni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fò síwájú bí ẹni tí nǹkan ta, ó ń ṣáájú, èrò pariwo, ó dé kọ́nà àkọ́kọ́, ó na ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí tẹlifíṣọ̀n. Bàtà agolo náà há sílẹ̀, ó já kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó dúró sí ibi tó wà. Bàbá mi ní tirẹ̀ kò dúró. Kò yà sósì, kò yà sọ́tùn-ún. Ó lọ tààrà, ó gba àárín àwọn aláṣọ funfun tí wọ́n pínyà fún un kíá, ó gba ẹnu géètì ilé-ìwé tó ṣí sílẹ̀, ó bọ́ sójú títì.

A gbọ́ ìró alùpùpù náà bó ṣe ń jìnnà lọ. A gbọ́ ọ títí, lẹ́yìn náà a ò gbọ́ ọ mọ́.

"Ṣé ó máa padà?" bàbá onítíì bi mí.

Mo ní mi ò mọ̀. Ìyá mi ti dìde. Ó rán ọkùnrin ọlọ́kadà kan pé kó tètè tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ó sì dúró sẹ́nu géètì, ọwọ́ lé orí. Ní ti àwọn mẹ́ta tó kù, wọ́n yí pápá ká tán. Fítà ló ṣe ipò kìíní, ó sọ̀kalẹ̀, ó ń jó. Nígbà tó rí ojú ìyá mi, ó dáwọ́ ijó dúró. Ọlọ́kadà náà fi fóònù pè láìpẹ́ pé òun ti rí Alhaji, pé kò ṣe é nǹkan kan, pé inú yanrìn ni ó wà.

"Yanrìn wo?" ìyá mi bi í.

"Yanrìn àwọn tó ń kọ́lé. Ó jókòó lé e lórí. Wọ́n fún un lómi."

Ìyá mi mí kanlẹ̀, ó padà wá jókòó, ni a bá ń bá eré lọ.

Ìpele kejì ni ti ọmọ Ìsẹ́yìn, alùpùpù kejì tí bàbá mi yọ bíréèkì rẹ̀ ló gùn. Ó ṣe dáadáa, ipò kejì ló gbà lẹ́yìn Togo, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìbejì yẹn ló wà títí, gbogbo erùpẹ̀ Dansoman sì ti wọ̀ ọ́ lójú. Ó sọ̀kalẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata, ó ń na ọwọ́ wá ẹni tó máa mú un lọ síbi omi. Ìpele kẹta kàn. Ẹni tó yẹ kó gùn fún Nàìjíríà jókòó lórí yanrìn, èkejì kò ríran.

"Nàìjíríà ti parí," Fítà kéde. "Ẹ pa orúkọ wọn rẹ́."

Mo gbé àkísà sókè láti pa á rẹ́. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, "Má pa nǹkan kan rẹ́." Ìyá mi ni. Ó ti ń ká etí ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó wọ ṣòkòtò sábẹ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó gba akoto lọ́wọ́ ọmọ Ìsẹ́yìn, ó sì dé e lé orí ìbòrí rẹ̀.

"Mọ́mì," mo ní, "kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Di báàgì mi mú."

Fítà sáré bá rẹfirí. "Obìnrin ni! Obìnrin ò gbọdọ̀ gùn ún!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" bàbá onítíì bi í.

"Ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n yẹn sọ ọ́. Ní Jámánì."

"Ìgbà wo?"

Fítà ronú. "Ẹ ti ń bu tíì nígbà náà."

Bàbá onítíì ní ohun tí òun kò bá fi etí òun gbọ́, òun ò lè fi ṣèdájọ́. Ó fun fèrè.

Ìyá mi gun alùpùpù náà, ó fi ẹsẹ̀ ta á lẹ́ẹ̀kan péré, ó dún. Bó ṣe jókòó lórí rẹ̀, mo rí i pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí. Ó jókòó bó ṣe máa ń jókòó sórí àpótí nídìí ọjà rẹ̀ ní Lapaz, ara rẹ̀ balẹ̀. Mo ju gèlè. Gbogbo wọn sáré kọjá rẹ̀. Kò dààmú. Bí wọ́n bá dé kọ́nà, nítorí pé kò sí bíréèkì, wọ́n á fẹ̀ jáde lọ sí ẹ̀gbẹ́ èrò, wọ́n á máa tiraka láti padà wọlé. Ìyá mi yóò ti dẹwọ́ iná kó tó débẹ̀, yóò rọra gba ẹ̀gbẹ́ inú, yóò yà, yóò sì máa lọ, bí ẹni tó ń wá ọ̀nà láàárín èrò ọjà. Ní ìyípo kejì, Fítà fẹ́ fi agídí gba iwájú rẹ̀ kọjá, ló bá ṣubú lulẹ̀ yakata. Eruku lásán ló jẹ. Ìyá mi ló kọ́kọ́ dé. Obìnrin oníkẹ́ńkẹ́ ń fò sókè, ó ń pariwo, "Hajia ei! Hajia ei!" Àwọn aláṣọ funfun, tí aṣọ wọn ti di aláwọ̀ ilẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ti bojú nígbà tí ìpele tó kẹ́yìn kàn, ojú rẹ̀ sì ti ń là. Ó wo ìyá mi, ó wo èrò, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀yin ni kí ẹ tún gùn ún. Ojú ń ta mí." Ìyá mi kò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò dẹwọ́ iná rárá. Mi ò mọ ohun tó wọ̀ ọ́ lára. Ó gbéra pẹ̀lú wọn, ó dé kọ́nà, ó na ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀, táyà ẹ̀yìn yọ̀ lọ gbuurugbu, sálúbàtà rẹ̀ fò lọ bá obìnrin oníkẹ́ńkẹ́, ìyá mi, tó máa ń sọ fún mi pé kí n má máa sáré lórí àtẹ̀gùn, ń fi ìhà rìn bí òyìnbó Denmark. Àárín èyí ni bàbá mi padà dé. Ó sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn ọlọ́kadà, yanrìn kún inú irùngbọ̀n rẹ̀. Ohun tó rí nínú eruku náà ni akoto aláwọ̀ ewé kan tó wà níwájú gbogbo wọn.

"Ọmọ Ìsẹ́yìn!" bàbá mi kígbe, ó ń lu àyà. "Ìwọ lọkùnrin! Ìwọ ni baba wọn!"

"Ẹ kú ìrìn, sà," ọmọ Ìsẹ́yìn kí i láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Bàbá mi wò ó. Ó wo pápá. Ó tún wò ó. Alùpùpù náà yí ká lẹ́ẹ̀kẹrin, ó ré kọjá ìlà, ó rọra sún lọ títí ó fi dúró níwájú rẹ̀, ìyá mi sì ṣí akoto kúrò lórí.

"Ẹ káàbọ̀, Alhaji," ó ní. "Ṣé kò dùn yín níbì kankan?"

Bàbá mi gba akoto náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ inú rẹ̀ wò.

Mo ro pọ́ìntì pọ̀. Nàìjíríà ní mẹ́jọ, Togo méje, Ghana mẹ́fà, Niger mẹ́ta. A ti gbà á. Bàbá mi ń ké "Allahu Akbar" bí ẹni tó gun alùpùpù náà fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Fítà gbé ẹjọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ dúró. Hajia, ẹ má bínú, níbo ni wọ́n bí yín?"

"Tamale," ìyá mi dáhùn.

"Níbo lẹ ti kọ́ alùpùpù?"

"Tamale náà ni. Gbogbo obìnrin ibẹ̀ ló ń gùn ún lọ ọjà. Ti ìyá mi ni mo ń gùn kí n tó wá fẹ́ ọkọ ní Accra."

"Ẹ ti gbọ́!" Fítà kọjú sí èrò. "Ta ló ni Tamale? Ghana! Ọmọ Ghana ni Hajia. Pọ́ìntì Ghana ni! Ẹ gbé ọṣẹ wá!"

Pápá náà dàrú. Bàbá mi ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá mi, láti ìran dé ìran. Fítà ní ṣé ó ti gun alùpùpù ní Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Ẹni tó ní obìnrin kò gbọdọ̀ gùn ún ní ìṣẹ́jú mélòó kan sẹ́yìn ti di ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ìyá mi jẹ́ kí wọ́n pariwo tó. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n díẹ̀, ó ní:

"Fítà, mo wà ní kékeré nígbà tí ìjọba Ghana ní kí gbogbo Anago padà sílùú wọn. Orí lọ́rì ni wọ́n kó wa sí láti Tamale. Àwọn òbí mi lo ọdún mélòó kan kí wọ́n tó rí ọ̀nà padà wá. Lọ́jọ́ tí a gun lọ́rì yẹn, níbo lẹ wà kí ẹ wá sọ pé ọmọ yín ni mí?"

Fítà fọwọ́ nu imú rẹ̀, ojú tì í.

"Hajia," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "èmi kọ́ ni mo lé yín o. Ọmọdé lèmi náà nígbà yẹn. Ká ní mo mọ̀ pé ẹ máa gùn ún báyìí, mi ò ní jẹ́ kí lọ́rì yẹn gbéra."

Ìyá mi fẹ́ mú ojú rẹ̀ le, ẹ̀rín borí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, Fítà náà bẹ̀rẹ̀, gbogbo pápá sì dá sí i.

Bàbá onítíì ni kò rẹ́rìn-ín. Ó mú iṣẹ́ rẹfirí ní òkúnkúndùn. Ó dúró níwájú ìyá mi, ó bi í ní Hausa pé, ìlú wo gan-an ló gùn ún fún.

Ìyá mi ronú. "Mo gùn ún nítorí pé alùpùpù wà nílẹ̀, kò sì sí ẹni tó fẹ́ gùn ún."

Bàbá onítíì mi orí. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, pọ́ìntì mẹ́fà tí Hajia gbà, ti Hajia fúnra rẹ̀ ni, kì í ṣe ti ìlú kankan. Ó ní kí n yọ ọ́ kúrò. Mo yọ ọ́. Nàìjíríà já sí méjì. Ghana wà lórí mẹ́fà. Togo, tí ẹnì kankan kò rántí pé wọ́n wà níbẹ̀, ní méje.

Àwọn ìbejì wo ara wọn. Títí di ìsinsìnyí, kò tíì dá mi lójú pé àwọn méjèèjì ló gùn ún, nítorí ojú wọn kò yàtọ̀ síra, aṣọ kan náà ni wọ́n sì wọ̀. Wọ́n gbé páálí ọṣẹ náà lé orí wọ́n sì yí pápá ká, ọwọ́ òsì náà ni wọ́n yà sí. Bàbá mi àti Fítà, tí wọ́n ti ń jà láti ọdún gbọ́nhan, para pọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n jọ ń bú Togo.

Ní ọ̀nà ilé ni bàbá mi sọ bí ìrìn tirẹ̀ ṣe rí fún wa. Ó ní èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ó kọjá níwájú ọjà Dansoman, àwọn oníbàárà rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ń kí i, kò sì lè dúró. "Mo ń dá wọn lóhùn o," ó ní. "Mo ń ní, 'A dúpẹ́, ilé ńkọ́?' Kí wọ́n tó fèsì, mo ti lọ." Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ nínú trotro.

Bàbá mi wá bi í pé, "Gbogbo ọdún yìí, kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé o mọ̀ ọ́n gùn?"

"Ẹ ò bi mí rí," ìyá mi dáhùn. "Nígbà tí mo sì kọ́kọ́ dé Accra, mi ò rí obìnrin kankan tó ń gùn ún. Ojú tì mí láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́."

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, bàbá mi tún alùpùpù tó kó sí yanrìn ṣe. Ó fi bíréèkì tuntun sí iwájú, ó fi tuntun sí ẹ̀yìn, ó yẹ̀ wọ́n wò, ó tú wọn, ó tún wọn dè. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún ìyá mi láìsọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi di páálí ọṣẹ méjì sẹ́yìn alùpùpù náà, ó ní kí n jókòó sáàárín. Mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú. Nígbà tí a dé oríta Lapaz, àwọn trotro kún ojú ọ̀nà, méètì kan yọrí síta, ó ní, "Hajia, ẹ rọra o!" Ìyá mi gbọ́wọ́ sókè kí i, ó wá àlàfo kan láàárín ọkọ̀ méjì, ó sì gba ibẹ̀ kọjá.